Rédíò Ìléwọ́ Tó Pa CB àti Ham Pọ̀: Ṣé Ó Yẹ Kí A Náwó Lé E?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, níbi tí àwa awakọ̀ tírélà ti máa ń dúró sinmi lẹ́bàá ìlú Fort Stockton ní ìpínlẹ̀ Texas, àbúrò kan tí a jọ jẹ́ ọmọ Yorùbá fa rédíò kan yọ láti inú páálí tuntun, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní CB wà nínú rẹ̀, ham wà nínú rẹ̀, AM, FM àti SSB ló sì ń ṣe. Wọ́n tún ní ohùn rẹ̀ ń dé máìlì 20." CB ni rédíò tí ẹnikẹ́ni lè fi sọ̀rọ̀ láìní ìwé àṣẹ, ham ni ti àwọn tó ṣe ìdánwò gba ìwé àṣẹ, SSB sì jẹ́ ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ kan bíi AM àti FM. Mo gbé rédíò náà lé àtẹ́lẹwọ́. Ojú rẹ̀ ń tàn, bátìrì rẹ̀ nípọn débi pé ó wúwo lọ́wọ́ bí ọmọ ọlọ, ṣùgbọ́n áńtẹ́nà rọ́bà tó wà lórí rẹ̀ kò gùn ju láti ọrùn ọwọ́ mi dé ìgbọ̀nwọ́ lọ. Áńtẹ́nà yẹn ni ojú mi kọ́kọ́ lọ, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn ìbéèrè rẹ̀ wà.

Kì í ṣe òun nìkan ló ti bi mí ní ìbéèrè yìí, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ ní kíkún. Ó ti pé ọdún 9 tí mo ti ń wa tírélà láàárín Houston àti El Paso lórí òpópónà I-10, ìrìn tó lé ní máìlì 700 ní àlọ nìkan, ọdún 2018 ni mo sì gba ìwé àṣẹ ham. Èrò mi ni pé rédíò ìléwọ́ tó ní ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú dára fún ẹni tó ti ní ìwé àṣẹ, tó sì ṣe tán láti fi wáyà tàbí áńtẹ́nà gígùn kún un. Ẹni tó bá ń wá rédíò àkọ́kọ́ tí yóò máa bá a rìn lójú títì, ẹ jẹ́ kó fi owó rẹ̀ ra nǹkan mìíràn.

CB ni rédíò ará ìlú. Ọdún 1958 ni ìjọba Amẹ́ríkà ya àyè sọ́tọ̀ fún un ní agbègbè megahertz 27 (megahertz ni òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ àyè ìgbì rédíò), pẹ̀lú ìkànnì 23. Nígbà tí ọdún 1977 wọlé, ìkànnì náà di 40, láti 26.965 títí dé 27.405, bẹ́ẹ̀ ló sì wà títí di òní. Ọ̀wọ́n epo ọdún 1973 ló sọ ọ́ di ohun tí awakọ̀ kò lè ṣe aláìní, nítorí pé epo kò sí, ìjọba sì dín eré ojú títì kù sí máìlì 55 láàárín wákàtí kan, ó wá di dandan kí awakọ̀ kan máa ta èkejì lólobó nípa ilé epo tó ń tà àti ibi tí ọlọ́pàá lúgọ sí. Láti ọdún 1983 ni ẹnikẹ́ni kò ti nílò ìwé àṣẹ láti lò ó mọ́. Ìkànnì 9 wà fún ìpè pàjáwìrì, ìkànnì 19 sì ni ti àwa awakọ̀ tírélà. Agbára tí òfin fi sílẹ̀ ni wáàtì 4 fún AM àti FM, àti wáàtì 12 fún SSB. Ọ̀rọ̀ FM ṣì tuntun níhìn-ín, nítorí pé ọdún 2021 ni ìjọba tó fàyè gbà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí àwọn ará Yúróòpù ti ń lò ó.

Mo mọyì CB yìí gidigidi. Ní òru ọjọ́ kan láàárín Fort Stockton àti Van Horn, níbi tí nẹ́tíwọ̀kì fóònù ti lọ pátápátá, mo gbọ́ ohùn kan lórí ìkànnì 19 pé tírélà kan ti dojú dé, ó sì ti dí ọ̀nà méjèèjì lẹ́yìn gegele kan tó wà níwájú. Ẹsẹ̀ mi ti wà lórí bíréèkì kí n tó gun orí gegele náà, kí n tó rí iná ọkọ̀ tí wọ́n tàn sílẹ̀. Ẹni tó sọ̀rọ̀ náà kò mọ̀ mí, èmi náà kò rí i sójú rí. Láti ọjọ́ náà ni n kì í ti í pa CB mi lójú títì, bí ariwo rẹ̀ ti wù kí ó pọ̀ tó.

Ti ham yàtọ̀. Ìdánwò ni a ń ṣe kí a tó wọ ibẹ̀. Fún ìpele àkọ́kọ́ tí à ń pè ní Technician, ìbéèrè 35 ni wọn yóò bi ènìyàn, ẹni tó bá sì gba 26 ti yege. Gbogbo ìbéèrè tó lé ní 400 tí wọ́n ti ń mú ìdánwò náà jáde ló wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ kà á, nítorí náà ẹni tó bá jókòó tì í fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kò ní kùnà. Dọ́là 35 ni owó ìwé àṣẹ náà lọ́wọ́ FCC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ rédíò, ó sì ń lo ọdún 10. Nígbà náà ni wọn yóò fún yín ní àmì ìpè tiyín, tí kò sí ẹlòmíràn tó ń jẹ́ ẹ ní gbogbo ayé. Ẹni tó bá ní ìwé Technician lè fi SSB sọ̀rọ̀ láàárín 28.300 àti 28.500, èyí tó jẹ́ apá kan àyè tí àwa onírédíò ń pè ní mítà 10.

Ẹ wo bí àwọn àyè méjèèjì ti súnmọ́ra tó: CB parí sí 27.405, mítà 10 ti ham bẹ̀rẹ̀ ní 28. Ilé méjì tó jọ pín ògiri ni wọ́n, ìdí sì nìyí tí àwọn ilé iṣẹ́ fi lè kó wọn sínú àpótí kan ṣoṣo láìṣe wàhálà. Àmọ́ onílé kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Rédíò CB gbọ́dọ̀ gba òǹtẹ̀ FCC kí wọ́n tó lè tà á fún CB ní Amẹ́ríkà. Rédíò ham kò nílò irú òǹtẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tó ní ìwé àṣẹ ni òfin yóò mú bí ẹ̀rọ náà bá ṣe ohun tí kò yẹ. Rédíò ham tí a bá gé wáyà kan nínú rẹ̀, tàbí tí a tẹ bọ́tìnnì méjì papọ̀ nígbà tí a ń tàn án, kí ó lè bọ́ sí orí CB, kò lè gba òǹtẹ̀ náà láé. Kò bófin mu láti tà á fún iṣẹ́ yẹn níhìn-ín, kò sì bófin mu láti sọ̀rọ̀ lórí CB pẹ̀lú rẹ̀, ì báà ṣe wáàtì 4 péré ni ẹ fi sọ ọ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Yúróòpù, ẹnikẹ́ni lè ra Albrecht AE 2990 AFS, rédíò ìléwọ́ tó ní AM, FM àti SSB nínú, kí ó sì fi ṣe CB. Ohun tí òfin ibì kan gbà, òfin ibòmíràn lè kọ̀ ọ́.

Mo yọ bátìrì rédíò àbúrò náà, mo tan iná fóònù sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo ń wá nọ́ńbà FCC. Ìwé kékeré kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, tí ó sọ pé mítà 10 ni wọ́n ṣe é fún. Kò sí nọ́ńbà òǹtẹ̀ CB kankan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí pé iṣẹ́ òógùn ojú rẹ̀ ló fi ra á, ẹni tó tà á fún un kò sì sọ òótọ́ yìí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo tiẹ̀ ti kọ́kọ́ ra Baofeng, n kò gbọ́ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀." Àṣìṣe yẹn náà wọ́pọ̀ gan-an. Baofeng UV-5R jẹ́ rédíò tó wúlò, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n òkè lọ́hùn-ún, ní nǹkan bíi megahertz 136 sí 174 àti láti 400 lọ, ni tirẹ̀ wà. Bí a bá tan án sílẹ̀ fún odidi ọdún kan, kò lè gbọ́ ìkànnì 19 láé.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sórí áńtẹ́nà. Ìgbì rédíò ní megahertz 27 gùn tó mítà 11. Áńtẹ́nà tí yóò gbé e jáde dáradára fẹ́ gùn tó ìdá mẹ́rin rẹ̀ ó kéré tán, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi mítà 2.7. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà onírédíò fi ń so ọ̀pá irin onínṣì 102 mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn. Bí wọ́n bá ká irú gígùn bẹ́ẹ̀ pọ̀ sínú rọ́bà tó dà bí ìka mẹ́ta tí a so pọ̀, wáyà tí wọ́n lọ́ sínú rẹ̀ yóò tan rédíò jẹ pé áńtẹ́nà náà gùn tó, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú agbára náà ni yóò di ooru lásán. Èyí kò sí nínú àwọn Baofeng, nítorí pé ìgbì tiwọn kúrú, rọ́bà kékeré sì tó wọn. Ní ọ̀rọ̀ CB àti mítà 10, bí rédíò ìléwọ́ bá ní ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ mẹ́wàá nínú, rọ́bà kan náà ni gbogbo wọn yóò gbà jáde.

A dán an wò ní ìrọ̀lẹ́ náà, lórí ìkànnì CB, pẹ̀lú rédíò ìléwọ́ tèmi tó ní òǹtẹ̀, nítorí pé n kò jẹ́ kí ó fi tirẹ̀ sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Gígùn rọ́bà rédíò méjèèjì kò yàtọ̀ síra. Èmi jókòó sínú tírélà mi, tí áńtẹ́nà méjì tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 4 wà lára dígí rẹ̀, òun sì ń wakọ̀ lọ lójú ọ̀nà ẹ̀gbẹ́. Nígbà tó ń sọ̀rọ̀ láti inú ọkọ̀, ohùn rẹ̀ ti rì sínú ariwo kí ó tó pé máìlì kan, torí pé irin ọkọ̀ náà bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tó dúró, tó sọ̀kalẹ̀, mo gbọ́ ọ títí dé bíi máìlì kan ààbọ̀. Mo ti fún un ní wáyà kan tí mo gé sí mítà 2.7, tí mo so ìkọ́ kékeré mọ́ lórí, mo sì ní kí ó fi kọ́ ìdí áńtẹ́nà níbi tí irin ti hàn, kí ó jẹ́ kí ìyókù rọ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn máìlì 4, ohùn rẹ̀ ṣì já geere, mo ń gbọ́ afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lu gbohùngbohùn rẹ̀. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Òkè ni rọ́bà áńtẹ́nà wà, ìsàlẹ̀ ni ọwọ́ kejì yẹ kí ó wà, ara ẹni tó mú rédíò dání ló sì ń gbìyànjú láti ṣe iṣẹ́ náà, kò sì mọ̀ ọ́n ṣe. Wáyà tí owó rẹ̀ kò tó dọ́là kan ṣe ohun tí rédíò olówó ńlá kò lè dá ṣe.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ SSB fún ìgbà díẹ̀, nítorí pé òun ni wọ́n fi ń polówó àwọn rédíò yìí jù. Nínú AM, wáàtì 4 ń jáde bí ẹ bá sọ̀rọ̀, ó sì ń jáde bí ẹ bá dákẹ́ tí ẹ ṣì tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀. Ohùn yín gan-an kò ju wáàtì 2 tó gùn ún lẹ́yìn lọ, wọ́n sì tún pín in sí apá méjì tó ń sọ ohun kan náà. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn háyà odidi mólúè láti gbé èrò méjì. SSB jù mólúè náà nù, ó fi èrò kan sílẹ̀ ní ọ̀nà kan, ó wá fi gbogbo agbára gbé èyí tó kù. Ìdí nìyí tó fi ń lọ jìnnà jù, bátìrì kì í sì í tètè tán nínú rẹ̀, nítorí pé bí ẹ bá dákẹ́, agbára díẹ̀ ló ń ná. Lórí rédíò ìléwọ́ tí bátìrì rẹ̀ kéré, àǹfààní gidi nìyẹn.

Ṣùgbọ́n SSB fẹ́ ọwọ́ tó balẹ̀. Bí ìkànnì ẹni tó ń gbọ́ bá fi díẹ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ohùn yóò máa dún bí ti pẹ́pẹ́yẹ, bọ́tìnnì kékeré kan ni a sì fi ń tún un ṣe. Ẹ rántí pé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni èdè tiwa fi ń yà ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Èmi àti awakọ̀ Yorùbá kan máa ń pàdé lórí ìkànnì 38, níbi tí àwọn oní-SSB ti máa ń pọ̀, bí bọ́tìnnì náà bá sì yà, ọkọ̀, ọkọ́ àti ọkọ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan náà, a ó sì máa fi òye gbé ọ̀rọ̀ ara wa. Lórí rédíò inú ọkọ̀, bọ́tìnnì náà tóbi, ọwọ́ ń mọ̀ ọ́n láìwò. Lórí rédíò ìléwọ́ àbúrò náà, inú mẹ́nù ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí, ìgbà mẹ́ta ni a tẹ nǹkan kí a tó dé ibẹ̀. Kò sí bí ẹni tó ń wa tírélà yóò ṣe ṣe ìyẹn láìfi ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti ẹlòmíràn wewu.

Ibi tí rédíò kékeré tó ní SSB ti fi ara rẹ̀ hàn fún mi ni orí mítà 10, lẹ́yìn tí mo ti páàkì. Nǹkan bí ọdún 11 ni oòrùn fi ń yí láti ìgbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ dé ìgbà tí ara rẹ̀ gbóná, tí yóò sì tún padà. Ọdún 2024 wà lára ìgbà tó gbóná, nígbà náà sì ni ìgbì mítà 10 máa ń kan àwọ̀sánmà òkè ọ̀run, tí yóò ta padà sílẹ̀ ní ìlú tó jìnnà réré. Mo gbé Yaesu FT-818 mi, tí agbára rẹ̀ kò ju wáàtì 6 lọ, sórí tábìlì kan níta, mo so áńtẹ́nà tó ń gùn bí ọ̀pá ìpẹja mọ́ ọn, mo tẹ́ wáyà mẹ́ta sílẹ̀, mo sì pe àmì mi. Ẹni tó dáhùn, àmì PY6 ló ń jẹ́, láti Bahia ní Brazil. Nígbà tí mo sọ fún un pé Yorùbá ni mí, ó ní àṣẹ, ó tún un sọ, àṣẹ! Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni a fi sọ̀rọ̀ kí ìgbì tó gbé ohùn rẹ̀ lọ, n kò sì tíì gbàgbé bí ọ̀rọ̀ wa ṣe dún lẹ́nu rẹ̀. Òfin ham tilẹ̀ gbà wá láyè láti sọ Yorùbá lórí afẹ́fẹ́, kìkì pé Gẹ̀ẹ́sì ni a gbọ́dọ̀ fi pe àmì wa ní gbogbo ìṣẹ́jú 10 àti nígbà tí a bá ń dágbére.

Wọ́n ti dáwọ́ ṣíṣe FT-818 dúró, èyí tó kù ní ọjà jẹ́ àlòkù. Icom IC-705, tó jáde ní ọdún 2020, dára jù ú lọ ní ọ̀pọ̀ ọ̀nà: wáàtì 5 pẹ̀lú bátìrì ara rẹ̀, wáàtì 10 bí ẹ bá so ó mọ́ iná ìta, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ lé ní dọ́là 1,000. Méjèèjì yìí kì í ṣe rédíò tí à ń mú dání bí wòkítókì, a máa ń gbé wọn kọ́ èjìká ni, rédíò ham pọ́ńbélé sì ni wọ́n. Mo dárúkọ wọn nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ púpọ̀ ní tòótọ́, àwọn ló yẹ kí ó tọ́jú owó dè.

Àwọn kan yóò ní nítorí ìjì ni àwọn ṣe fẹ́ ra á. Ọ̀rọ̀ gidi ni, nítorí pé nígbà tí ìjì Beryl jà ní July 8, 2024, ilé àti ibi iṣẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù 2 ni iná mànàmáná wọn lọ ní agbègbè Houston, tiwa náà sì wà níbẹ̀. Ohun tí ìyàwó mi lò jù lọ ní ọjọ́ wọ̀nyẹn ni rédíò ìléwọ́ CB lásán kan tó ń gba ìròyìn ojú ọjọ́ láàárín 162.400 àti 162.550, ohun tí rédíò àbúrò yẹn kò ní nínú rárá. Fún ọ̀rọ̀ láàárín ẹbí nínú àdúgbò kan, GMRS, irú rédíò mìíràn tí ìjọba ya àyè sọ́tọ̀ fún, ló dára jù: kò sí ìdánwò, dọ́là 35 ni owó ìwé àṣẹ rẹ̀ fún ọdún 10, ìwé kan ṣoṣo sì bo gbogbo ìdílé. Láti ìgbà náà ni mo ti ra méjì sílé, a sì máa ń gba iná sí wọn ní oṣooṣù.

Nítorí náà, ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ, tó sì ń wakọ̀, kí ó ra CB inú ọkọ̀ tó ní òǹtẹ̀. Bí ó bá fẹ́ SSB, Uniden Bearcat 980SSB wà. Kí ó ra áńtẹ́nà tó dára, kí ó sì fi mítà SWR, ẹ̀rọ tó ń wọn bí áńtẹ́nà ṣe bá rédíò mu tó, wò ó kí nọ́ńbà rẹ̀ má kọjá 2, nítorí pé áńtẹ́nà tí kò bá rédíò mu lè ba rédíò náà jẹ́. Bí owó bá ṣẹ́kù, rédíò ìléwọ́ CB bíi President Randy tàbí Midland 75-822 yẹ ní ìkejì, nítorí pé a lè so wọ́n mọ́ áńtẹ́nà ọkọ̀ àti iná ọkọ̀, a sì tún lè yọ wọ́n gbé lọ bí ọkọ̀ bá dákẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹni tó ní ìwé àṣẹ, tó fẹ́ràn láti máa gun òkè tàbí láti jókòó sí etí òkun pẹ̀lú rédíò, lè ra ìléwọ́ onímítà 10 tó ní SSB, tí owó rẹ̀ kò bá pọ̀, kí ó gé wáyà rẹ̀ ní ọjọ́ tó bá rà á.

Àbúrò náà dá tirẹ̀ padà kí ọjọ́ tí wọ́n fún un tó pé, ó ra Uniden, mo sì bá a so áńtẹ́nà rẹ̀. Ó ti ń ka ìbéèrè Technician báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a pàdé lórí ìkànnì 38 nítòsí Ozona, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bi mí ní ọ̀kan tó le." Mo ní kí ó sọ bí áńtẹ́nà ìdá mẹ́rin ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó fún 28.4. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mítà 2.64, ẹ̀gbọ́n. Mo sì ti gé e."